Wọ́n Bi Mí Pé Èló Ló Ń Wọlé

Bí ẹ bá dé abúlé wa, lẹ́yìn Lálúpọn, tí ẹ bèèrè mi lórúkọ tí bàbá mi sọ mí, ojú yín làwọn ọmọdé yóò máa wò. Ẹ ní Bàbá Àádọ́jọ lẹ ń wá. Kíá, wọ́n á ti ṣáájú yín dé ibi tí mo ti ń yan gààrí, wọ́n á sì ti máa pariwo láti ọ̀nà pé àlejò Bàbá Àádọ́jọ ti dé. Ẹnu ara mi ni mo fi ra orúkọ náà. N kò sì tíì san owó rẹ̀ tán.

Ọdún 2023 ni. Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe rí. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó la fi ń ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Nígbà tó di ìparí oṣù May, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦200 lítà kan di nǹkan bíi ₦500 lójijì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ sì ń mu epo bí ẹni tí wọ́n fi ẹmu wẹ̀ fún ní kékeré. Inú ọ̀ràn yìí la wà tí tiransifọ́mà wa fi bú gbàù lálẹ́ ọjọ́ kan ní September, tí òkùnkùn sì bò wá.

Baálẹ̀ pe ìpàdé lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní kí kálukú dá owó bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ: kí ó sọ iye tó ń wọlé fún un lóṣù, kí ó san ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ tó ń lọ sí Poli ló di ìwé àti bírò mú. Nǹkan ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni kan ní ogún, ẹni kan ní ọgbọ̀n, àwọn àgbà ń ṣe àmín. Àfi ìgbà tí ó kan ẹnìkejì mi kan tó ń ta simẹ́ńtì ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó dìde, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó ní, "Ẹ kọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ fún mi." Àwọn obìnrin bú sórin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń ṣe ìṣirò fún ọkùnrin yẹn. Ẹ̀pà lásán ló fi ń san án fún mi. Ara mi ò gbà á. N ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Àádọ́jọ," ni mo wí. Ohùn mi dùn mọ́ èmi fúnra mi létí.

Àwọn obìnrin tún orin gbé, wọ́n fi orúkọ mi sí i. Ìyàwó mi nìkan ni kò kọrin. Kò wúkọ́, kò pòṣé. Ó kàn tú gèlè orí rẹ̀, ó nà án, ó tún un wé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ogun ti dé.

Ní ọjọ́ Tuesday, àwọn ọmọ olóṣèlú kan wọ abúlé. Ìrẹsì ń bọ̀, wọ́n ní, àmọ́ àwọn tí nǹkan ò ṣẹnuure fún nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ wọn. Mo sáré wọlé lọ gbé bùbá tí iná gààrí ti jó lápá wọ̀. Mo yá ọ̀pá lọ́wọ́ ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé wa. Mo rọra ń tẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo tẹrí ba, n kò tilẹ̀ wo ojú ẹni tó jókòó tí ń kọ̀wé.

"Bàbá, èló ló ń wọlé fún yín lóṣù?"

Mo fi ikọ́ ṣáájú. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ọmọ mi. Nígbà tí ọjà bá tà."

Bírò dúró. Mo gbójú sókè. Ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ ni! Òun ni wọ́n tún bẹ̀ kó bá wọn kọ̀wé, nítorí pé ó mọ gbogbo ilé. Ìwé kan náà ni, ojú ewé tó kọjú sí ti tiransifọ́mà ló ń kọ ìrẹsì sí. Ọmọ náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ló fi béèrè, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀:

"Dádì, ṣé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé ní àádọ́jọ ni, àbí mẹ́jọ lásán?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, adìẹ fò kúrò lórí igi. Ká ní mo dákẹ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá rọlẹ̀. Mo ní àádọ́jọ yẹn, iye tó ń wọlé kí wọ́n tó yọ owó epo ni. Ẹnìkejì mi onísimẹ́ńtì dáhùn láti ẹ̀yìn pé May ni wọ́n yọ owó epo, Sunday ìjẹta yìí ni mo sì sọ̀rọ̀. Ó ti wá mọ ìṣirò! Baálẹ̀ nu omi ojú nù, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èwo la ó mú nínú méjèèjì?" Wọ́n mú àádọ́jọ. Àádọ́jọ ni wọ́n fi bu owó tiransifọ́mà fún mi, òun náà ni wọ́n sì fi fagi lé orúkọ mi lórí ìrẹsì.

Mo ti rí olóṣèlú tó sọ fún wa nígbà ìpolongo pé òun ti lówó kí òun tó bọ́ sínú òṣèlú, tó tún wá ní kò sí kọ́bọ̀ lápò nígbà tó wọlé tán. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ má sì rò pé mo fẹ́ fi ara mi ṣe ẹni mímọ́. Níbi ìbò March ọdún náà, tí wọ́n ń dìbò kí wọ́n lè sebẹ̀, n kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ló tán kí ìlà tó kàn mí.

Bàbá tó bí mi kò ṣe irú èyí rí. Òun kì í purọ́ sókè, ìsàlẹ̀ ló máa ń purọ́ sí. Bí àwọn akódà bá ń bọ̀ wá gba owó orí láfẹ̀mọ́júmọ́, inú oko kòkó ni yóò ti sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ká a mọ́lé, ó ní baálé ilé ò sí nílé, àlejò ni òun. Lẹ́yìn náà ni ogun Àgbẹ̀kọ̀yà dé ní 1968, tí àwọn àgbẹ̀ Akánrán àti agbègbè rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré làwọn ó san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Wọ́n já ẹ̀wọ̀n Àgodi ní 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra wọn lọ bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀ náà, sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu bàbá mi mọ́. Kódà nígbà tí náírà dé ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí ọ̀kẹ́ mẹ́fà sì di náírà mẹ́ta géérégé, bí ẹ bá bi í pé èló ló rí lórí kòkó ọdún yìí, "ọ̀kẹ́ mẹ́fà" ni yóò wí, ì báà jẹ́ pé lọ́ọ̀rì ló fi kó o. Ìyàwó mi bá a gbélé fún ọdún mẹ́rin. Ó mọ èsì náà dáadáa.

Lálẹ́ ọjọ́ Tuesday yẹn, ìyàwó mi gbé ìwé kékeré kan jáde lábẹ́ ibùsùn. N kò mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Èéfín gààrí ń rùn lára rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó kí n kà á fún yín." Gààrí tí a tà ní oṣù August, ₦212,000. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀gẹ́ tí a rà ní ọ̀nà Ẹ̀rúnmu, ₦96,000. Epo ẹ̀rọ, ₦38,500. Igi ìdáná, ₦14,000. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń yan án, ₦27,000. Owó ọkọ̀ dé Bódìjà, ₦11,000. Ó kù ₦25,500. Ó ṣí ojú ewé.

"Aṣọ ẹbí tí ẹ lọ fi ₦18,000 rà, tí ẹ ní wọ́n fi ta yín lọ́rẹ."

Ó kù ₦7,500. Ẹ bá mi wò ó o! Irọ́ tí mo gbé ọ̀pá lọ pa lábẹ́ máńgòrò, ₦500 ni mo fi lé e. Mo ti gbé bàtà wọ̀ pé kí n lọ bá Baálẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé olóòótọ́ ni mí. Ìyàwó mi ní kí n bọ́ ọ. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Òun ti fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìrẹsì, ó sì ti sọ òótọ́ fún wọn. Kóńgò mẹ́ta ló gbà. Mo jẹ níbẹ̀, n kò lè purọ́. Ọmọ-ọmọ Baálẹ̀ sì ń wá lóṣooṣù gba ₦15,000 owó tiransifọ́mà; ohun tí mo bá ní ni mo ń fún un.

Ọdún yìí tún mú tirẹ̀ wá. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní January 2026. Ó ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san. Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Nínú ìwé tiransifọ́mà, ₦1,800,000 ló ń wọlé fún mi lọ́dún. Nínú ìwé ìrẹsì, ₦96,000 ni. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà gbé oorun lọ lójú mi. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ orúkọ àwọn oníṣòwò dúró níwájú mi, ó béèrè pé èló ló ń wọlé. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo nawọ́ sí ìyàwó mi.

Ó ń ro gààrí nínú agbada, kò gbé orí sókè.

"Ẹ kọ ọ̀kẹ́ mẹ́fà."

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́. Ó wá gbé bírò kúrò lórí ìwé, ó wò mí, ó wo ìyàwó mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èló nìyẹn ní náírà?"