Ọ̀gá Fọwọ́ṣe

Ẹ dárúkọ udev níbi tí Ọ̀gá Fọwọ́ṣe wà, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe yínmú. Láti ọdún 2003 tí Greg Kroah-Hartman ti gbé ètò udev jáde ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Linux ti fi títo /dev sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá ní òun kì í ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ lòun fi ń to tòun.

Inú /dev ni fáìlì ọ̀pọ̀ ohun èlò kọ̀ǹpútà wà. Nọ́ńbà méjì ni kernel fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀: èkíní fún dráífà, èkejì fún ohun èlò náà gan-an. Ọ̀gá mọ̀ wọ́n lórí ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. /dev/null, 1 àti 3. /dev/zero, 1 àti 5. Dísíìkì sda, 8 àti 0. Sdb, 8 àti 16. Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi fò dé 16, àfi tí ẹ kò bá fẹ́ relé mọ́. (Dísíìkì kan pẹ̀lú ìpín 15 tó lè ní ló ń gba nọ́ńbà 16. Ó tán.)

Àbúrò rẹ̀ mú fláàṣì wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé kan péré ni mo fẹ́ tẹ̀."

"Fara balẹ̀."

Ọ̀gá ka dmesg, ó yẹ /proc/partitions wò, ó tẹ àṣẹ mknod /dev/sdb1 b 8 17 láti dá fáìlì rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé e kọ́. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, àbúrò ti lọ fi fóònù tẹ ìwé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

Èyí tó dùn jù ni ti /dev/null, ààtàn tí Linux ń da ohun tí kò nílò sí. Ọ̀gá fi mknod dá a, ó gbàgbé chmod 666. Umask 022 sọ ọ́ di 644: root nìkan ló lè da nǹkan síbẹ̀, wọ́n ń lé gbogbo ìyókù padà lẹ́nu ààtàn. Ó bú udev fún ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ udev kò sí lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Láti Linux 2.6.32, lọ́dún 2009, kernel fúnra rẹ̀ ti lè dá àwọn fáìlì wọ̀nyí nípasẹ̀ devtmpfs. Ọ̀gá yọ ìyẹn náà kúrò, ó tún kernel rẹ̀ kọ́. Nígbà tí ètò systemd wá gba udev mọ́ra ní 2012, inú tó ń bí i di méjì.

Kò kúkú purọ́ tán. Lórí ẹ̀rọ kékeré tí ohun èlò rẹ̀ kì í yí padà, /dev tí a fọwọ́ tò ti tó. Àmọ́ laptop ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ kí i, ẹ tẹ ìwé yín kí ẹ tó kúrò nílé.