Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi Ológeere

Ọkọ mi Ológeere,

A ti rí iṣẹ́ ìdúpẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé bi yín ní ìbéèrè kan: kí lẹ ń sáré sí? Nílé tí wọ́n ti fẹ́ mi wá, bí wọ́n bá ṣe èèyàn lóore, á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á tún padà wá dúpẹ́ àná. Ẹ̀yin ò tíì gun kẹ̀kẹ́ rárá, ẹ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fún yín ní dọ́là mẹ́wàá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Pan-Mass Challenge, ìrìn kẹ̀kẹ́ tí ẹ fẹ́ fi kówó jọ yìí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ háyà tí ẹ máa ń gùn ní Mọ́kọ́lá nígbà èwe yín. Láti Sturbridge dé Provincetown, níbi tí ilẹ̀ Cape Cod ti tán sínú òkun, ó tó nǹkan bí 190 máìlì, ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò! Ti ṣòkòtò péńpé yẹn ńkọ́, èyí tí wọ́n rán tìmùtìmù sí nídìí? Lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́ jáde sí pálọ̀, Màámi fi ìborùn bojú, wọ́n ní kí n tètè wá aṣọ fún ọmọ àwọn.

Àṣírí yín tiẹ̀ tú nígbà tí mo ka ìlànà wọn. Iye tí agunkẹ̀kẹ́ bá fọwọ́ sí pé òun á kó jọ, dandan ni. Bí kò bá pé, inú káàdì báńkì tirẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ìyókù. Háà! Ẹ ò wulẹ̀ dúpẹ́, àpò yín lẹ ń gbà là. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ bá kó jọ ló ń lọ sí Dana-Farber ní Boston, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì ń ṣèwádìí rẹ̀. Èmi tí mo ti dáwó kọ́ gbọ̀ngàn tí kò yọrí láti inú ìpìlẹ̀, mo gba tiwọn.

Jẹjẹrẹ awọ ara ló pa ìyá Billy Starr, ẹni tó dá ìrìn kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀, ní 1974. Ní 1980, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Springfield lọ sí Provincetown, wọ́n sì kó 10,200 dọ́là jọ. Lónìí, àpapọ̀ owó náà ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun tí irú owó ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè ṣe ò fara sin. Ní Boston yẹn kan náà, dókítà Sidney Farber, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Dana-Farber, fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní oògùn aminopterin. Nínú ọmọ 16 tó kọ̀wé nípa wọn ní 1948, ara 10 bọ̀ sípò fúngbà díẹ̀. Àrùn náà padà wá, àmọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, dókítà ò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìlà kẹta nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yín ló pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé jẹjẹrẹ prostate ló pa Baba. Lórí pósítà ìsìnkú, “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” la tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò wọn. Ráńpẹ́ bí i ti báwo? Baba tó ń fi òru dìde lọ tọ̀ títí tí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí wọ́n ní òtútù ni, tí àwa náà ń se àgbo! Ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màámi pé àwọn ló ń da ọ̀rá ìtọ̀ nù láràárọ̀ nígbà tí àwa yòókù ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Màámi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n tú ìdí ìró, wọ́n mú ogún dọ́là jáde, wọ́n ní kí n fi kún tiyín.

Nítorí náà, mo yọwọ́ ẹjọ́. Ọpẹ́ yẹn ò yá jù. Ó ti pẹ́ ni.

Ẹ rọra gùn ún o. Ẹ má bá ọmọ ogún ọdún sáré lórí òkè. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé wa yòókù, ní Amẹ́ríkà níbí, ewu pé jẹjẹrẹ prostate á pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun, ó sì ti wọ ilé wa rí. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá a, kí ẹ má dúró de òru tí ẹ ò ní lè sùn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣèlérí owó, títí kan ọkọ mi gan-an tó ń ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn mi, ẹ fi ránṣẹ́ kí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbéra, tó pé.

Èmi ni,
Ìyàwó yín.