Ìṣẹ́jú Márùn-ún sí Títì

Èdè àwọn ejẹ́ǹtì ilé l'Ékòó ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní ilé kan wà ní Lẹ́kí, ẹ bi wọ́n bóyá Ẹ̀pẹ́ ni. "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì" ńkọ́? Bàálù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Èyí tó mú mi lọ wo ilé lóṣù tó kọjá, omi mù wá dé orúnkún lẹ́nu géètì. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i bí ibí ṣe tutù tó?" Mo béèrè C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba. Ó ní ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Òfin Lílo Ilẹ̀ tó gbé ìwé náà kalẹ̀ ti wà láti 1978; bóyá láti ìgbà náà ló ti ń bọ̀.

Ìgbà tí a ń jáde ni mo rí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri: "Ilé yìí kì í ṣe fún títà." Ejẹ́ǹtì ní kí n má wulẹ̀ wò ó, ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ni.

Kò dá owó tó gbà kó tó mú mi lọ padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba ní Aláùsá. Kí ẹ sì wọ bàtà òjò.