Orí Tí A Ń Fi Tẹlẹ̀

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tó pa òwe yìí kò bá kẹ̀kẹ́ orí òkè láyé. Kò rí ọkùnrin ẹni ọdún 54 tó ra kẹ̀kẹ́ ní 3,200 pọ́n-ùn nítorí pé wọ́n dárúkọ òkè mọ́ ọn, tó so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò ní Peckham láàárọ̀ Sátidé, tó wa mọ́tò náà fún wákàtí méjì àtààbọ̀, tó wá sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ dé ibi tójú lè rí i dé.

Èmi rí i, torí èmi ni mo bá wọn di okùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Dókítà ló ní kí wọ́n máa dá ara yá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ò dárúkọ kẹ̀kẹ́ o. Ó ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì dín iyọ̀ kù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń polówó ìrìn, iyọ̀ dídín ò sì ṣeé yà ní fọ́tò. Kí oṣù tó parí, kẹ̀kẹ́ ti dé, àṣíborí ti dé, ìbọ̀wọ́ ti dé, awò tí wọ́n fi ń bojú nítorí ẹrẹ̀ ti dé, páàdì orúnkún àti ti ìgúnpá ti dé. Ìyàwó wọn wo ẹrù náà nílẹ̀ pálọ̀, ó ní, “Dádì, ogun wo lẹ fẹ́ lọ jà?”

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan. Ẹ wo jíìpù tí wọ́n ṣe fún aginjù, tó jẹ́ pé ọmọ ló ń gbé lọ síléèwé lójú ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹ wo aago tó lè wọ inú omi jìn tó mítà 200, lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù bàfù. Orí la rà, ilẹ̀ la fi ń tẹ̀.

Èdè wa náà jẹ̀bi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkè yìí. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń pe ibi tí mo ń gbé yìí ní òkè òkun. Ó pé ọdún 19 tí mo ti wà níbẹ̀, mo rí òkun, n ò tíì rí òkè. Ibi tó ga jù ní gbogbo Norfolk, Beacon Hill, fi díẹ̀ lé ní mítà 100. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Ìdànrè, kò sẹ́ni tí yóò fún un lórúkọ. Àwa tí wọ́n sì bí sórí òkè, àdúrà wa ni kí òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò sí ààjìn tí a kì í fọ́ òkè ìṣòro túútúú. Ọlọ́run gbọ́, ó kó wa dé ibi tí òkè ò sí. A tún wá ń sanwó ká lè rí òkè.

Igbó Thetford la lọ, láàárín Norfolk àti Suffolk, igbó páìnì tó ju hẹ́kítà 18,000 lọ. Bí o bá wọ inú rẹ̀, wàá rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Iyanrìn ló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, iyanrìn tó pọ̀ débi pé ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, atẹ́gùn gbé e bo ilé àwọn ará Santon Downham mọ́lẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i pé igi ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀, tí àwọn tó ń wa èédú sì ń fẹ́ òpó tí wọ́n á fi gbé òrùlé ihò ró, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1919 tí yóò máa rí sọ́rọ̀ igbó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin páìnì síbẹ̀ lọ́dún 1922. Ìdí nìyí tí àwọn igi náà fi tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà àárọ̀. Bí o bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìlà kan á ṣí gbayawu, wàá rí òpin rẹ̀, á pa dé. Òmíràn á tún ṣí, òun náà á pa dé. Ewé wọn tó rí bí abẹ́rẹ́ bo ilẹ̀ débi pé táyà kì í dún.

Adágún Lynford tí a fẹ́ lọ wò náà, ihò tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ ni kí omi tó gbà á. Omi ọ̀hún mọ́ o, pẹ́pẹ́yẹ wà lórí rẹ̀, òjìji páìnì dorí kodò sínú rẹ̀, ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Àmọ́ igbó tí a gbìn ni, adágún tí a gbẹ́ ni. Ó wá ku òkè. Òkè ni apá èèyàn ò ká, ni wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sára kẹ̀kẹ́.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, orí òkè gidi ni orúkọ náà ti wá. Ní California, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Tamalpais, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága lọ́dún 1976. Wọ́n á gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn, wọ́n á já a sílẹ̀ látòkè délẹ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ á jó di èéfín, wọ́n á ní láti tú u, kí wọ́n rọ gírísì tuntun sí i kí wọ́n tó lè tún gùn ún. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n fún ìdíje náà, Repack, ti wá. Àlòkù ni kẹ̀kẹ́ nígbà náà, òkè sì ń bẹ. Nísinsìnyí kẹ̀kẹ́ ti di tuntun, òkè ló di àwátì.

Ṣé ẹ rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh? Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Thetford yìí. Bàbá mi ní ọ̀kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí òkè yí ká, tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ á kọ́kọ́ fọwọ́ lé orúnkún. Raleigh ọ̀hún ò ní jíà, kò ní ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń fa bíréèkì rẹ̀. Ẹlẹ́mu kan wà tó máa ń kọjá níwájú ilé wa, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Ìtawùrẹ́. Bí bíréèkì bá kọ̀, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, á fi bàtà tẹ táyà iwájú. Táyà ni wọ́n fi ṣe bàtà náà. Táyà ń ha táyà, òórùn rẹ̀ á kan wá nínú ilé. Ẹmu kì í dà. Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá fún wa lórí òkè, a ò ráhùn. Àwọn náà ṣe kẹ̀kẹ́ òkè tán, wọ́n gbé e lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká wá bá àwọn gùn ún.

A ti gùn ún tó ìdajì wákàtí kí n tó rí i pé ẹ̀gbọ́n ń fò sókè sódò lórí ìjókòó bí ẹni tó gun ràkúnmí. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ìka yí kinní kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ yí yẹn?”

“Òun ni wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀kì pa. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tó ò tì í, gbogbo agbára tó o fi ń tẹ pẹ́dà, ṣọ́ọ̀kì ni yóò máa jẹ ẹ́.”

“Èló wá ni ṣọ́ọ̀kì nínú owó kẹ̀kẹ́?”

“Òun gan-an lowó wọlé sí.”

“Níbo la ti máa ṣí i?”

Wọ́n wo ọ̀nà tó lọ tààrà láàárín igi, tó ń tín-ín-rín títí tó fi di fọ́nrán òwú. “Níwájú,” ni wọ́n wí.

Ẹ má rò pé ìgbádùn ni o. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ le. Bí o bá gun òkè, òkè ti jẹ ọ́ ní gbèsè. Bó bá di ẹ̀yìn rẹ̀, á san án, wàá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, atẹ́gùn á fẹ́ sí ọ láyà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í jẹni ní gbèsè, kò sì ní ohun tí yóò san. Máìlì tó o bá fẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ ló máa tẹ̀ ẹ́ tán. Bóyá ohun tí dókítà ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ 150 pọ́n-ùn tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ Gánà kan ní Lewisham ń ṣe é láìṣí ohun tí mò ń tì pa.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ga sí. Ní Grime's Graves, nínú igbó yẹn kan náà, kòtò tó ju 400 lọ ni àwọn ará àtijọ́ fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́, ó ti lé ní 4,000 ọdún, wọ́n ń wá akọ òkúta tí wọ́n á fi ṣe àáké. Àlejò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀kan, bíi mítà 9. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà, nígbà tí wọn ò rí ohun tí wọ́n máa gùn, ohun tí wọ́n máa já sí ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ní ihò tí wọ́n ń pè ní ihò bọ́ǹbù. Wọ́n á dúró létí rẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á já wọ̀ ọ́, wọ́n á sì yọ lódìkejì pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Orí tí a ní ká má fi tẹlẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ pátápátá.

Ihò kọ́ ló gbé ẹ̀gbọ́n ṣubú. Iyanrìn ni, iyanrìn àtijọ́ yẹn. A ti ń rí adágún lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí táyà iwájú rì, kẹ̀kẹ́ dúró, ẹ̀gbọ́n ò dúró. Wọ́n rọra dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àpò gaàrí tó yọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Páàdì orúnkún ò ríṣẹ́ ṣe, ti ìgúnpá ò ríṣẹ́ ṣe. Ìdí ni wọ́n fi balẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta yíjú wò wá.

Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkìtì kan tí kò ga ju ìgbáròkó mi lọ, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ kí n ya àwọn láti ìsàlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sínú ewé páìnì. Láti ibi tí mo wà, òkìtì náà di Kilimanjaro: ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì lórí pẹ́dà, òfuurufú nìkan lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé e sórí WhatsApp ìjọ wa, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Mo ti borí òkè.

Ká tó padà dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, Àmín ti lé ní ogójì. Màmá kan ní òkè tó dojú kọ ilé òun náà á wó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyàwó wọn nìkan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: “Dádì, kí ló kó iyanrìn bo ìdí ṣòkòtò yín?”

Pásítọ̀ pè. Mo ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń dáhùn, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó le o, sà. Ọlọ́run ló ṣe é, sà.” Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n jẹ́rìí lọ́la, ìṣẹ́jú 5, kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lè rí nǹkan kọ́. A gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í di okùn.

“Àbúrò, wọ́n á bi mí lórúkọ òkè náà.”

Mo wo máàpù tó wà lára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo kà á tán. Orúkọ odò wà níbẹ̀, ti adágún wà níbẹ̀, ti abúlé náà wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sí òkè nínú ẹ̀ o. Kòtò ni wọ́n fún lórúkọ.”

Wọ́n rò ó díẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́.

“Ka èyí tó jìn jù níbẹ̀ fún mi.”