Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìjàpá àti Àwọn Olùdámọ̀ràn Oní-yúníìtì Mẹ́ta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjòyè, orí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí.

Nígbà kan, Ìjàpá lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí bó ṣe rí físà gbà. Ẹ̀yin náà mọ Ìjàpá. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó yà á lẹ́nu: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òwò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ta gúgúrú rí, ni àwọn oníléeṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń ránṣẹ́ pè pé kí wọ́n wá wo ohun tó ń ṣe àwọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láti ọdún 1972 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé owó kalẹ̀ fún àwọn fásitì kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gba àwọn oníṣòwò kéékèèké nímọ̀ràn. Owó ìjọba tán nígbà tó yá, àṣà náà ò tán. Ó dé fásitì Michigan, ó bá ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, níbi tí àwọn tó ń gboyè kejì nínú òwò ti ń fi ọ̀sẹ̀ méje gbáko bá ilé iṣẹ́ kan tú ìṣòro rẹ̀ wò. Ìjàpá ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Oníléeṣẹ́ ń dúpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba máàkì, fásitì sì ń gbowó ilé ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Ó pe Yánníbo lórí fóònù. Ó ní, "Ìyàwó mi, a ti rí i jẹ."

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn aláwọ̀ funfun, àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń ṣe é bó ṣe yẹ: olùkọ́ á tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ dé ìdí iṣẹ́, á bá a wo ìwé owó, á ní kó padà lọ bi ẹni tó ń gbálẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ìjàpá ò di apá ibẹ̀ yẹn sínú àpótí rẹ̀. Máàkì nìkan ló dì bọ̀.

Nígbà tó délé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ fásitì àwọn ẹranko. Erin tó jẹ́ gíwá ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọmọ wa ò ti ń lọ IT ni?" Òótọ́ ni Erin sọ. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti lọ IT, ẹ mọ ohun tójú yín rí: wọ́n rán yín ní búrẹ́dì, wọ́n rán yín ní fọ́tókọ́pì, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ sì kọ lógúbúùkù oṣù mẹ́fà. Ìjàpá mi orí. Ó ní ètò yẹn léwu, nítorí ẹni tí wọ́n ń rán ní búrẹ́dì lè ṣèèṣì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta búrẹ́dì. "Tèmi, olùdámọ̀ràn ni wọn ó jẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Yúníìtì mẹ́ta." Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kan lọ bá Àgbébọ̀ Adìyẹ tó ń tọ́jú àwọn òròmọdìẹ aláìníìyá. Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ní kó fi Àṣá ṣe alábàáṣe, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òròmọdìẹ wà tó Àṣá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí àlọ́ mi ń bá wí ni ti Tòlótòló. Tòlótòló jẹ́ olórí nítorí pé agbádá wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odídẹrẹ́ ni agbẹnusọ. Bí Ìjàpá bá ti sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọ̀bọ ló ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán. Òkété ló kù, wọ́n ní kí òun lọ ṣe iṣẹ́ náà.

Wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgùntàn oníwàrà. Ìyá yìí ti ń ṣòwò kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó yọ eyín. Màlúù ń fún un ní wàrà tútù, yóò gbé e kaná, yóò fún oje ewé bọ̀mùbọ̀mù sí i títí yóò fi dì, yóò sẹ́ ẹ, yóò gé e, yóò dín in. Àkùkọ ń jí àwọn òṣìṣẹ́ lóròòru. Ológbò ń lé eku nínú àká. Ajá ń ṣọ́ ilé. Ọjà ń yá, owó ni kì í dúró lápò, ìyẹn ni Ìyá fi ní kí àwọn ọmọ wá.

Tòlótòló tẹ́ agbádá. "Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó ni iṣẹ́ yín máa fi ju báyìí lọ lọ́dún márùn-ún òní?"

Ìyá ní, "Ọmọ mi, bí òjò bá rọ̀, koríko á hù. Bí koríko bá hù, Màlúù á yó. Ẹ jókòó, kí n bu wàrà fún yín."

Wọ́n jẹ wàrà. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n lọ.

Òkété nìkan ló padà wá lóru, torí òru ló mọ̀ ọ́n rìn. Òun àti Ajá jọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà àká, ó bi í léèrè ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó bẹ Ìyá kó fi ìwé àwìn han òun. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú igbá mẹ́wàá tó ń jáde, mẹ́rin péré lówó rẹ̀ ń wọlé. Ìkookò jẹ gbèsè. Ẹkùn jẹ gbèsè, ta ni yóò sì lọ sin Ẹkùn lówó? Ṣùgbọ́n ẹni tí gbèsè rẹ̀ gùn jù, tó gba ojú ìwé kan tọ̀tún tòsì, "Ọ̀jọ̀gbọ́n I., dìparí oṣù" ni wọ́n kọ síwájú gbèsè rẹ̀. Òkété da gbogbo rẹ̀ kọ sínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ọmọdé ò mọ oògùn.

Ìjàpá ka iṣẹ́ náà. Ó dákẹ́. Ó ní, "Òkété, o gbìyànjú, àmọ́ ojú ìwé yìí ò bá àwòrán wa mu." Ó ya á.

Ọjọ́ tí wọ́n ó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ pé. Ọ̀bọ tẹ kọ̀ǹpútà, igun mẹ́rin yọ lára ògiri. Ọkùnrin kan, Bruce Henderson, ará Boston, ló gbé igun mẹ́rin náà jáde ní 1970. Ọjà tó ń tà gan-an níbi tí títà ti ń pọ̀ sí i, ìràwọ̀ ni. Èyí tó ń mówó wọlé bí títà ò tiẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, màlúù ni, ẹ máa fún un lọ, ẹ má náwó lé e. Èyí tí ò tíì dájú, àmì ìbéèrè. Èyí tí ò tà, tí ò sì ní tà, ajá ni. Ẹ pa á tì. Ọ̀rọ̀ ọjà títà ni Henderson ń sọ. Àwọn ọmọ Ìjàpá ń wá orúkọ.

Odídẹrẹ́ ní, "Àkùkọ ni ìràwọ̀, ẹ wo ogbe orí rẹ̀. Ológbò ni àmì ìbéèrè, ẹ wo ìrù rẹ̀. Màlúù, ibi tó yẹ ẹ́ ló wà. Ẹ máa fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ dín koríko rẹ̀ kù. Ní ti Ajá, àwọn ọ̀mọ̀wé ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti 1970."

Ìyá Àgùntàn ò lóye rẹ̀, àmọ́ ògiri ń tàn yanranyanran, gíwá sì ń pàtẹ́wọ́. Tòlótòló gba A. Odídẹrẹ́ gba A. Ọ̀bọ gba A. Òkété gba F, wọ́n ní kì í bá ẹgbẹ́ rìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Ajá di ẹrù rẹ̀, tó ń kọrin lọ:

Ìyá Àgùntàn, mo ń lọ o.
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Èmi tí mo gbó tí olè fi sá,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Wọ́n ya igun mẹ́rin, kẹrin ni tèmi,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Bílẹ̀ bá ṣú, kí igun ó gbó o,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*

Ilẹ̀ ṣú. Igun ò gbó. Ìkookò tó ń ra àwìn tẹ́lẹ̀ ò ra àwìn mọ́, ó ń wọlé mú un ni. Màlúù gbẹ, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò, kò padà. Àkùkọ ìràwọ̀ ń kọ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń jí.

Ìyá Àgùntàn wá àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ lọ sí fásitì. Sáà ẹ̀kọ́ ti parí. Tòlótòló ti ríṣẹ́ sí báńkì; ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ pé òun ló tún ilé iṣẹ́ wàrà kan tò látòkèdélẹ̀, irọ́ kọ́ ló sì pa. Ìjàpá ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun. Inú rẹ̀ dùn láti rí Ìyá.

"Màmá, bí tiyín ṣe dàrú yìí dára púpọ̀! A ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí tí òwò fi ń kú. Yúníìtì mẹ́ta míì nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wàrà ò kù nínú apẹ̀rẹ̀ yín? Dìparí oṣù ni."

Òkété tó ń tún kọ́ọ̀sì náà ṣe jókòó sẹ́yìn. Ó yọ bébà kan nínú àpò, èyí tí Ìjàpá ya. Ó nà án sí Ìyá. Ìyá rọ gìláàsì sójú, ó sì dá orin:

Ìjàpá o, mo bá ọ rojọ́,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Igbá méjì lọ́jọ́ ìwúyè,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Igbá mẹ́ta lọ́jọ́ tó ti Amẹ́ríkà dé,
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*
Oṣù mélòó ló ti parí o?
*Ó dọwọ́ ọ̀mọ̀wé.*

Gbogbo kíláàsì ló ń gbè é. Kí wọ́n tó gbè é tán, àga Ìjàpá ti ṣófo. Ìyá yíjú sí àwọn ọmọ náà, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ lẹ ń wá? Òwò mi nílò owó. Ẹ bá mi gbà á."

Wọ́n dé ilé Ìjàpá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Òkété ló ṣáájú, Ajá tí wọ́n lọ pè padà ló kẹ́yìn. Yánníbo ò sí nílé. Igbá ẹ̀yìn kan dùbúlẹ̀ láàárín pálọ̀, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Wọ́n kanlẹ̀kùn.

Ohùn kan ti inú igbá náà jáde: "Ọ̀jọ̀gbọ́n rìnrìn àjò. Ẹ fi lógúbúùkù yín sílẹ̀, yóò bu ọwọ́ lù ú, gbogbo yín lẹ ó gba A."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń to lógúbúùkù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń lọ. Ajá ní òun ò ní lógúbúùkù. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.