Oko Baba Ẹlòmíràn Ti Ní Géètì

Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ajókòó-sílé ni òwe náà ń bá wí, ìrìn sì ni oògùn tó júwe fún un: kó jáde, kó lọ wo ebè tí ẹlòmíràn kọ, kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn àgbà tó pa á kò rò ó wò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò sanwó gọbọi fún ẹni tí yóò mú un dé oko náà, tí ọkọ̀ yóò bá a gbé ẹrù, tí wọn yóò ka iye ìṣẹ́jú tí yóò fi wo ebè fún un, tí yóò sì gbé ìgbéraga bọ̀ wálé ju èyí tó gbé lọ. Kò síbi tí èyí ti hàn tó ìrìn-àjò afẹ́ tí wọ́n ń ṣètò láti orí òkè Alps wá sí àwọn ìlú àtijọ́ àríwá Ítálì.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó kò ta kókó. Èrò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á balẹ̀ sí Turin tàbí Milan, wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan rin òkè tẹ̀lé afinimọ̀nà, wọ́n á máa sùn ní ilé ìsinmi orí òkè, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin á gbé wọn gba Verona àti Padua dé Venice. Nínú gbogbo ọ̀nà òkè, èyí tó yí Mont Blanc ká ló lókìkí jù. Ó gùn tó nǹkan bí 170 kìlómítà, ó gba Faransé, Ítálì àti Switzerland kọjá, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní bí ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹni tó bá lówó kì í ru ẹrù níbẹ̀. Ní àárọ̀, ọkọ̀ á ti kó àwọn báàgì lọ sí ibi tí wọn yóò sùn lálẹ́. Arìnrìn-àjò á mú ọ̀pá méjì, omi àti ìpápánu dání, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lọ. Ọkọ̀ tó kó báàgì yẹn láyè ìjókòó. Kí wọ́n má bàa jókòó síbẹ̀ ni wọ́n ṣe sanwó.

Àwọn tó kọ́kọ́ rin òkè wọ̀nyí kò bá afẹ́ débẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín ní 1991 lẹ́bàá ààlà Ítálì àti Austria, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bolzano báyìí, ti kú láti ohun tó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn, ọfà sì wà ní èjìká rẹ̀. Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Róòmù ń gba ẹnu ọ̀nà Great St Bernard, tó ga ní mítà 2,469, nítorí pé ọ̀nà tó yá ni. Ní oṣù Karùn-ún 1800, Napoleon kó ọmọ ogun gba ibẹ̀ wọ Ítálì. Ìbaaka ló gùn, ọmọ abúlé kan ló sì ń fà á lọ. Ẹni tó bá wo àwòrán tí Jacques-Louis David kùn nípa ìrìn náà kò ní mọ̀. Ẹṣin tó fò dìde ni ọ̀gágun jókòó lé, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nà sí òkè. Ìbaaka kò sí níbẹ̀, ọmọ abúlé kò sí níbẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò tí ì tán lórí Alps títí di òní. Fóònù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ David.

Àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ló sọ òkè gígùn di afẹ́. Horace-Bénédict de Saussure, ọ̀mọ̀wé Geneva, ṣèlérí ẹ̀bùn owó ní 1760 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọ̀nà dé orí Mont Blanc. Ọdún 1786 ni Jacques Balmat àti dókítà Michel-Gabriel Paccard tó débẹ̀. Ní ọdún kejì, Saussure fúnra rẹ̀ gùn ún, pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀ kan àti afinimọ̀nà 18. Àwọn ará Ítálì kò tètè dá sí ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì mú wọn dá sí i dùn ún gbọ́. Monviso, òkè tó ga ní mítà 3,841, tí ará Turin ń rí lọ́ọ̀ọ́kán bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gùn ní 1861, ọdún gan-an tí wọ́n dá ìjọba Ítálì sílẹ̀, tí Turin sì di olú-ìlú. Ọmọ ẹlòmíràn ti wọ oko baba wọn dé ìpẹ̀kun kí àwọn tó mọ ibi tí ààlà wà. Ó ká Quintino Sella lára. Òun ti ṣe mínísítà ìṣúná, ó sì lókìkí pé kì í ná owó ìjọba nínàákúnàá. Ní oṣù Kẹjọ 1863 ó kó àwọn ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀ lọ sórí Monviso. Nígbà tó di 23 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Agunkè Ítálì sílẹ̀ ní Turin. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, òun ló sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìsinmi tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí.

Ìwé ìpolówó kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn afinimọ̀nà. Ẹgbẹ́ afinimọ̀nà ti Courmayeur ti wà láti 1850. Òun ló pẹ́ jù ní Ítálì. Àgbẹ̀, ọdẹ àti alábàárù ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ló ń lé wọn gun òkè. Jean-Antoine Carrel ti Valtournenche ni ẹni tó tayọ nínú irú wọn. Ó fẹ́ kí ọmọ Ítálì kọ́kọ́ dé orí Cervino, tí à ń pè ní Matterhorn, òkè tó ga ní mítà 4,478. Edward Whymper, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìhà Switzerland débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 14 oṣù Keje 1865, mẹ́rin nínú àwọn méje tí wọ́n jọ gùn ún sì já bọ́ kú bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta Carrel gba ìhà Ítálì dé òkè. Ọdún 1890 ni ìjì ká òun àti oníbàárà rẹ̀, Leone Sinigaglia, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Turin, mọ́ orí òkè yẹn kan náà. Carrel mú un sọ̀kalẹ̀ títí tí ewu fi kọjá, àárẹ̀ sì pa Carrel fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣàròyé pé afinimọ̀nà òun kò rẹ́rìn-ín músẹ́ tó yẹ kó gbọ́ ìtàn yìí. Òkè kò sì tí ì yí ìwà padà: ní 3 oṣù Keje 2022, yìnyín Marmolada ya lulẹ̀ ní Dolomites, ó pa ènìyàn mọ́kànlá.

Padua ló ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba gbogbo agunkè-fún-ìran. Akéwì Francesco Petrarca lo ìgbà ogbó rẹ̀ ní Arquà, abúlé kan lórí àwọn òkè kéékèèké ẹ̀bá Padua. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1374, wọ́n sì ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti abúlé náà. Lẹ́tà rẹ̀ sọ pé ní 26 oṣù Kẹrin 1336 òun àti àbúrò òun gun Mont Ventoux ní gúúsù Faransé, kí òun ṣáà lè rí bí òkè ṣe ga tó. Darandaran arúgbó kan pàdé wọn lọ́nà, ó ní òun gun ibẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, òun kò sì rí nǹkan mú bọ̀ ju àárẹ̀ àti aṣọ yíya. Wọn kò gbọ́. (Láti ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ kì í sábà fún àlejò ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.) Àbúrò gba ọ̀nà tó lọ sókè tààrà. Ẹ̀gbọ́n ń wá ọ̀nà tó rọrùn kiri ìsàlẹ̀, ó ń pẹ́ sí i, ó ń rẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tó dókè, ó ṣí ìwé Augustine tó mú dání, ó sì bọ́ sí ibi tí Augustine ti ń bá àwọn tó ń fi òkè ṣe ìran wí pé wọ́n ti gbàgbé ara wọn. Ojú tì í, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni Augustine, ilẹ̀ tó di Algeria lónìí ni wọ́n bí i sí. Milan ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 387. Bó bá padà sí Milan lónìí, ẹ̀sùn náà á yí padà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ti òde òní kò gbàgbé ara wọn rárá. Ara wọn ni wọ́n ń rí nínú gbogbo fọ́tò, òkè ni wọ́n gbàgbé sẹ́yìn.

Ní ti àwọn ìlú, iyara ni gbogbo rẹ̀. Galileo fi ọdún 18 kọ́ni ní yunifásítì Padua, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1222. Ètò ìrìn-àjò fún un ní ìdajì ọjọ́, pẹ̀lú ọgbà ewé oògùn tó ti wà láti 1545. Ilé àdúrà Scrovegni ni adé ìlú náà. Enrico Scrovegni ló kọ́ ọ, Giotto ló kun ògiri rẹ̀ tán ní nǹkan bí 1305. Baba Enrico wà lára àwọn sógúndogójì tí Dante jù sí ọ̀run àpáàdì nínú ìwé rẹ̀, àwọn kan sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ baba ni ọmọ fi ilé àdúrà náà wẹ̀. Àlejò á kọ́kọ́ jókòó ìṣẹ́jú 15 nínú yàrá tí wọ́n ti ń tún afẹ́fẹ́ ṣe, kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ má bàa ba ọ̀dà jẹ́, lẹ́yìn náà á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 nínú ilé àdúrà. Òfin náà dára. Láìsí i, ògiri náà á ti ṣí. Àmọ́ ẹni tó bá fi mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá ojú rẹ̀ mu kò lè rí Giotto dá lẹ́bi.

Verona ń ta ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ilé tí wọ́n ń pè ní ti Juliet, ọmọbìnrin inú eré ìfẹ́, wà ní Via Cappello, pẹ̀lú pèpéle òkè tí ọmọbìnrin náà yẹ kó ti máa bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Juliet kò sí láyé rí, ọ̀rúndún ogún ni wọ́n sì lẹ pèpéle náà mọ́ ilé. Èrò ń tò láti fọwọ́ pa ọmú ère idẹ tó wà lágbàlá kí ìfẹ́ lè ṣẹnuure. Wọ́n pa á títí ó fi jẹ, wọ́n sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀ ní 2014. Ní Milan, akọ màlúù kan wà ní ilẹ̀ Galleria Vittorio Emanuele II, èyí tó jẹ́ àmì ìlú Turin. Àwọn àlejò á fi gìgísẹ̀ lé kórópọ̀n rẹ̀, wọ́n á yí bírí fún oríire. Bí àlejò bá ká irú wọn mọ́ ìdí ìbọ lábúlé wa, ìbọ̀rìṣà ni yóò pè é.

Ó ti rẹ Venice. Ní 25 oṣù Kẹrin 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó, yúrò 5 nígbà náà, lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn níbẹ̀, ní àwọn ọjọ́ tí èrò ń pọ̀ jù. Ó ní afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ kó ju ènìyàn 25 lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Owó náà kò lé èrò. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n mọ iye wọn.

Ní oṣù Keje 2025, àwọn àgbẹ̀ tó ni pápá koríko ní Seceda, ní Dolomites, ri géètì onírin tó ń yí mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n ní kí àlejò san yúrò 5 kó tó kọjá. Orí fóònù ni òkúta ṣóńṣó Seceda ti gbajúmọ̀. Ọkọ̀ orí wáyà ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún sókè lójúmọ́, wọ́n ń tẹ koríko tí màlúù ń jẹ mọ́lẹ̀, wọ́n ń da ìdọ̀tí sí i. Àwọn àgbẹ̀ náà ní àwọn ti ké gbajare, ìjọba kò dáhùn. Ìlà gígùn sì tò lẹ́yìn géètì, gbogbo wọn ń dúró de ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ti rí nínú fọ́tò ẹlòmíràn. Wọ́n dé oko baba ẹlòmíràn lóòótọ́, wọ́n sanwó, wọ́n sì dúró sórí ohun ọ̀gbìn.

Àwọn ọmọ oko náà gan-an ti ń sá kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá FIAT sílẹ̀ ní Turin ní 1899, pàápàá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ àfonífojì Piedmont ń sọ̀kalẹ̀ wá gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò, abúlé ń di ahoro. Nuto Revelli, ọmọ Cuneo, kó ohùn àwọn tó ṣẹ́ kù jọ sínú ìwé kan ní 1977. Ní òde òní, irú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí òtútù ni wọ́n ń tún ṣe fún ẹni tó sanwó kí òtútù lè mú un.

Àwọn kan sì wà tó ń rin òkè yìí láìsí afinimọ̀nà. Ní àfonífojì Susa, ìwọ̀-oòrùn Turin, ni Bardonecchia wà, níbi tí wọ́n ti ṣe lára ìdíje Olympics ìgbà òtútù 2006. Láti nǹkan bí 2017, àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ń ti ibẹ̀ àti Claviere sọdá sí Briançon ní Faransé lóru, inú yìnyín, nítorí àwọn ọlọ́pàá ààlà. Wọn kò ní ọ̀pá méjì, ọ̀pọ̀ kò ní bàtà òkè àfi èyí tí àwọn aláàánú bá fún wọn ní ìlú Oulx. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ọ̀dọ́mọbìnrin Nàìjíríà kan kú sínú odò Durance lẹ́yìn tó ti sọdá. Òkè kan náà ni ìwé ìpolówó ń pè ní ibi ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ní físà kì í gba ọ̀nà yẹn. Físà Schengen ti di yúrò 90 láti oṣù Kẹfà 2024, ìbánigbófò ìlera kò gbọdọ̀ dín ní yúrò 30,000, a kò sì tí ì dárúkọ ìwé báńkì. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà, gbogbo òkè ilé ti di ebè lójú rẹ̀. Òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, láti ìgbà tí ìlú fi wà lókè kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí wọ́n bá ní kó wá kí wọ́n jọ gùn ún, á ní eékún ń dun òun.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé ìsinmi orí òkè ń ti ilẹ̀kùn. Ìgbà náà làwọn darandaran Valle d'Aosta ń kó màlúù sọ̀kalẹ̀. Wọ́n á dé èyí tó borí nínú ìjà màlúù ládé òdòdó pupa, wọ́n á dé èyí tó fún wàrà jù ní funfun. Àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ ti fi ọjọ́ náà sínú ètò wọn.