Òdo Tí Wọ́n Fi Igi Gún

Kámẹ́rà tí mo rà kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣe ara mi. Mo rí àwọn fótò irun dídì tí J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, fótò dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí obìnrin lásán, síbẹ̀ èèyàn á wò ó títí bí ẹni ń wo ààfin. Mo ní kí ló ṣòro níbẹ̀? Mo ra Canon tòkunbọ̀ kan. Àṣé kì í ṣe orí àwọn obìnrin yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́; orí ẹni tó mú kámẹ́rà dání náà ṣiṣẹ́.

Ìtamaga ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ìtóìkín, téèyàn máa ń gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà ọyẹ́, bí típà kan bá kọjá lẹ́bàá ibi tí ẹ ti ń jẹ àkàrà, ẹ ó jẹ yanrìn mọ́ ọn. Mo ń bẹ̀rù eruku fún kámẹ́rà mi ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ fún àyà ara mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan tó ń ya fótò níbi ìnáwó wá sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìhòhò ni lẹ́ǹsì yín ń rìn kiri. Ẹ wá fílítà sí i.” Ọjọ́ náà ni oorun dá lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kó sí wàhálà rẹ̀, gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà nínú òrùka irin ni fílítà. Ẹnu lẹ́ǹsì ni wọ́n ń yí i mọ́, bí ẹni yí ọmọrí mọ́ ìgò.

Mo gbéra, ó di Computer Village ní Ìkẹjà. Mo fi kámẹ́rà sílé nítorí olè. Ọgbọ́n ni mo pe ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé gáréèjì Ìkòròdú, ọkọ̀ gbé mi dé Mile 12, níbi tí àwa àti ọkọ̀ tòmátò ti jọ dúró sójú kan, títí tí mo fi mọ èyí tó pọ́n nínú wọn àti èyí tó ti ń rà. Nígbà tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù, ara mi ti gbóná.

“Mílímítà mélòó lẹ fẹ́, Ẹ̀gbọ́n?”

Mo rántí pé wọ́n kọ 18-55mm gàdàgbà sára lẹ́ǹsì mi. Mo rò ó: kò lè jẹ́ 18, ìyẹn kò tó ẹnu ìgò ọtí. “55,” ni mo wí.

“Ó dá yín lójú? Torí Canon tí ẹ dárúkọ yìí, ó sábà máa ń jẹ́…”

“Àbúrò, ìwọ lo ra kámẹ́rà ni àbí èmi?”

Ó wò mí, ó wo owó ọwọ́ mi, ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Nílé, fílítà náà kò dúró lẹ́nu lẹ́ǹsì rárá. Inú rẹ̀ ló jábọ́ sí, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹran nínú ọbẹ̀ tí kò kún. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo ti ń wá sẹ́lótéèpù kiri nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tó wà ní pírámárì kẹrin, sún mọ́ mi.

“Dádì, kí ni òdo tí wọ́n fi igi gún yìí?”

Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un. Kò lọ. “Wọ́n kọ 58 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀,” ló tún wí.

Mo wá awò ojú mi. Lóòótọ́, lára òrùka iwájú lẹ́ǹsì, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà: ø58mm. Àmì yẹn ló ń sọ bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó. Ní ti 18-55, bí lẹ́ǹsì ṣe ń ríran ló wà fún: ní 18, gbogbo ẹbí ìyàwó á wọ inú fótò, ní 55, ojú ìyàwó nìkan á sún mọ́ ẹ. Kò bá ẹnu tan rárá. Ó dà bí kéèyàn lọ ra bàtà, kí wọ́n bi í ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dárúkọ ọjọ́ orí.

Mo padà lọ. Ọmọ tó ń tajà náà kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì rẹ̀ bá a rín in. Ó gbé fílítà UV méjì, irú èyí tó ń sẹ́ ìtànṣán tí ojú kò lè rí, sábẹ́ gílóòbù kí n fi ojú ara mi yàn. Nínú ọ̀kan, gílóòbù náà hàn funfun kedere, bí ìgbà téèyàn wo dígí. Nínú èkejì, ó kàn rí fírífírí, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ó ní elésè àlùkò díẹ̀, owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ta ló máa fi owó ìlọ́po mẹ́ta ra èyí tí kò dán? Mo mú èyí tó ń dán. Torí kí n lè gba iyì mi padà, mo tún mú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní polarizer.

Èyí ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí Èbúté Ìpákodò. Òrùka rẹ̀ méjì ni, ẹ ó máa yí ti òde títí dídán ojú omi á fi rọlẹ̀, tí àwọ̀ aró sánmà á sì jinlẹ̀. Mo yí i dáadáa. Mo tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́ǹsì tèmi sì jẹ́ irú èyí tí imú rẹ̀ máa ń yí fúnra rẹ̀ bó bá ń wá ohun tó fẹ́ yà, ló bá yí fílítà náà padà. Èmi yí i, òun yí i. Apẹja kan tó ń tukọ̀ kọjá kígbe sí mi pé, “Bàbá, tésàn rédíò wo lẹ ń wá?” Kó tó di pé mo mọ̀ pé ìgbà tí lẹ́ǹsì bá rí ohun tó ń wá tán lèèyàn tó ń yí fílítà, apẹja ti lọ. Fílítà yẹn tún máa ń jẹ ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn apẹja náà tí mo yà rí bí èéfín.

Ṣùgbọ́n ti ìyá ìyàwó mi ló lé kenkà. Màmá pé ẹni 70. UV mi tó ń dán wà lẹ́nu lẹ́ǹsì, mo sì ti fún un pinpin bí ẹni fún ẹnu gáàsì. Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn kí Màmá lè fẹ́ àbẹ́là méje orí kéèkì. Mo tẹ̀ ẹ́. Kéèkì wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún fótò, orí Màmá wà lókè lápá òsì. Yíká gèlè Màmá, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé méje dúró, wọ́n doríkodò.

Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé kámẹ́rà náà lọ bá bàbá onífótò kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ayé fíìmù.

“Ka àbẹ́là.”

“Méje, sà.”

“Ka ìmọ́lẹ̀.”

Mo dákẹ́.

Bàbá ní ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ló wọlé, ó kan ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán, èyí tó máa ń dán bí òróró, ó ta padà síta, ó bá ẹ̀yìn fílítà pàdé. Gíláàsì tí wọn kò kun nǹkan sí máa ń dá bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà lójú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì lójú méjì. Ìmọ́lẹ̀ náà tún yí padà wọlé, ó bọ́ sí òdìkejì ibi tó ti wá. Èyí tí mo rò pé kò dán ni wọ́n kun. Ó tún ní fíìmù ló nílò UV. Kámẹ́rà ayé òde òní ti ní asẹ́ tirẹ̀ nínú. “Agbádá lo wọ̀ lé agbádá,” ló wí, ó sì tún wo fílítà náà. “Ta ló fi ẹ̀mú fà á báyìí?”

Èmi ni, torí ó kọ̀ kò bọ́. Bí mo ṣe ń fún un mọ́ ẹ̀mú, bẹ́ẹ̀ ni òrùka náà ń tẹ̀, tó sì ń há sí i. Bàbá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ó wé e mọ́ òrùka, ó fi orí ìka yí i jẹ́jẹ́. Ó bọ́.

Mo fẹ́ pa fótò náà rẹ́, àṣé ìyàwó mi ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Láago mẹ́fà ìdájí, fóònù dún. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ọmọ mi,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, “áńgẹ́lì méje!” Wọ́n ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé e sí férémù. Mo ní àmín, mà. Kí ni kí n tún sọ?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n Màmá tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ pè. Wọ́n máa pé 80. Wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà áńgẹ́lì yẹn wá, àti pé ti àwọn kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́jọ, torí àwọn ni àgbà.

Mo wá fílítà náà títí. Abẹ́ àga ni mo ti bá a. Ọmọ mi ti sọ ọ́ di ọmọrí ìkòkò bèbí rẹ̀. Mo fi etí ẹ̀wù nù ún, mo gbé e sábẹ́ gílóòbù. Ó ṣì ń dán.